Nígbà Tí Lẹ́tà Àyẹ̀wò Bá Dé

Ní ọdún 2009, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà jọ àwàdà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn fún àwọn àlejò tó ń gbé ìlú wọn: ẹni tó bá jẹ́ oníṣègùn, tàbí tó gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè tí ìjọba ń wá lójú méjèèjì, kó wá wọṣẹ́ sójà, ìwé ọmọ onílùú á sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kíákíá. Yorùbá, Háúsá àti Ìgbò wà nínú àwọn èdè náà. Èèyàn tó lé ní 10,000, láti oríṣiríṣi ilẹ̀, ló gba ibẹ̀ wọlé kí wọ́n tó dá ètò náà dúró ní 2016. Àwọn ọmọ wa tó ti ní green card tẹ́lẹ̀ kò tilẹ̀ nílò MAVNI. Ẹnu ọ̀nà gbangba ni wọ́n gbà wọlé.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bọ́ aṣọ sójà báyìí. Iṣẹ́ náà sì ti fi nǹkan sí àwọn kan lára: ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, etí tó ń hó tọ̀sán-tòru, oorun tí kì í pé wákàtí méjì kí àlá ogun tó gbà á. Nítorí èyí ni iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, tí gbogbo wọn mọ̀ sí VA, ṣe ń san owó gbà-má-bínú fún wọn lóṣooṣù. Wọn kì í yọ owó orí nínú rẹ̀. Bí ẹni náà bá sì kó ẹrù rẹ̀ wálé wá gbé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, owó náà á máa tẹ̀ lé e bọ̀.

Ká wá sọ pé ọ̀kan nínú irú wọn jẹ́ ọmọ Ibefun. Ó wálé ṣọdún Iléyá, ó dúró de Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó wọ aṣọ tí ẹgbẹ́ régbérégbé rẹ̀ dá, ó sì pinnu pé òun ò ní í tètè padà nítorí ilé tí òun ń kọ́ ti dé orí òrùlé. Lọ́jọ́ tó dúró ti àwọn káfíńtà tó ń kan páànù, lẹ́tà kan bọ́ sínú àpótí lẹ́tà rẹ̀ ní Houston. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gùn: a fẹ́ tún ara rẹ yẹ̀ wò, ọjọ́ báyìí, ibi báyìí, má ṣàì wá.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ọkàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì sókè ju bí ẹni tí kò mọ̀ ṣe lè rò lọ. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ gé owó ni. Kí èèyàn tó lè mọ ibi tí ọ̀bẹ náà ti lè gé e, ó ní láti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò àbùkù ara lọ́hùn-ún.

VA kì í kàn sọ pé aláàbọ̀ ara ni ẹnì kan kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fún un, láti òdo títí dé ọgọ́rùn-ún, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí àìsàn bá sì pé méjì tàbí mẹ́ta, wọn kì í rò wọ́n pọ̀ bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ro owó gàárì. Bí ìgbà tí èèyàn ń gé iṣu ni. Ìpayà ogun tó wà lọ́kàn gba ìdá 50, iṣu di ìlàjì. Ẹ̀yìn gba ìdá 30, ṣùgbọ́n ara ìlàjì tó kù ni wọ́n ti máa gé e, nítorí náà 15 péré ló bù. Ó di 65. Orúnkún gba ìdá 10. Ara 35 tó kù ni wọ́n ti gé tirẹ̀, kò sì pé 4. Wọ́n á wá sún àròpọ̀ náà lọ sí ìdá mẹ́wàá tó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn 70. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ro 50, 30 àti 10 pọ̀ á máa retí 90, á sì gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Orúnkún tó ń fìyà jẹ ẹ́ yẹn kò tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀, nítorí pé 65 fúnra rẹ̀ ì bá ti di 70.

Ní 2025, ẹni tó wà ní ìdá 70, tí kò ní ìyàwó tàbí ọmọ lọ́rùn, ń gba dọ́là 1,759.19 lóṣù. Bí wọ́n bá yẹ ọkùnrin wa wò, tí wọ́n sọ pé ìpayà ọkàn rẹ̀ ti rọlẹ̀ láti 50 sí 30, ìṣirò iṣu náà á gbé e wá sí ìdá 60, owó rẹ̀ á sì di 1,395.93. Ó lé ní dọ́là 360 tó fò lọ lóṣù kan. Ẹni tó ń fi owó yẹn san owó ilé lọ́hùn-ún, tó tún ń fi í ra sìmẹ́ǹtì nílé, á mọ̀ ọ́n lára. Àwọn tó wà ní òkè pátápátá ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Lọ́dún 2025 yẹn kan náà, ìdá 90 ń gba 2,297.96, ìdá 100 ń gba 3,831.30. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, àtẹ̀gùn náà sì ju dọ́là 1,500 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà ní 100 fi máa ń wo gbogbo lẹ́tà VA bí ìwé ìpè láti ilé ẹjọ́.

Àyẹ̀wò náà ní àsìkò tirẹ̀. Tí àìsàn bá jẹ́ irú èyí tó lè sàn, VA sábà máa ń pe ẹni náà padà láàárín ọdún méjì sí márùn-ún. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé kò ní í hù padà, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ lọ wò níbẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 55, wọn kì í pè é mọ́ àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá ṣàjèjì. Àwọn tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àbùkù náà jẹ́ títí ayé náà máa ń bọ́ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, bí òṣìṣẹ́ tó ń ka fáìlì bá rí i pé ara ti yá, kò ní àṣẹ láti gé owó náà lójú ẹsẹ̀. Ìwé àbá ló máa kọ́kọ́ kọ: a ń gbèrò láti dín ìdá rẹ kù, ìdí rẹ̀ nìyí. Láti ọjọ́ tí ìwé àbá yẹn ti jáde, ajagunfẹ̀yìntì náà ní ọgọ́ta ọjọ́ láti kó ẹ̀rí tirẹ̀ wá, ó sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti béèrè pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun lójúkojú. Ọgbọ̀n ọjọ́ yìí ṣe kókó ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹni tó bá béèrè fún ìgbẹ́jọ́ láàárín rẹ̀, owó rẹ̀ á máa wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀ títí ìgbẹ́jọ́ yẹn á fi wáyé. Bí wọ́n bá tún wá fẹnu kò pé àfi kí àwọn dín in kù, ọgọ́ta ọjọ́ mìíràn á kọjá lẹ́yìn ìwé ìdájọ́ náà, á sì di ìparí oṣù, kí àdínkù náà tó bẹ̀rẹ̀. Láti February 2019 sì ni ọ̀nà mẹ́ta ti wà fún ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn: kó mú ẹ̀rí tuntun wá, tàbí kí ọ̀gá kan tún fáìlì náà kà, tàbí kó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ VA. Ọdún kan ni gbèdéke rẹ̀.

Ọjọ́ orí owó náà ló tún ń ṣe alábòójútó fún un, èyí sì ni apá tó wu òǹkọ̀wé yìí jù nínú òfin wọn. Bí ìdá kan bá ti dúró sójú kan fún ọdún márùn-ún, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan tó bá a láyọ̀ lọ́jọ́ kan kò tó láti dín in kù. VA gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìlera náà dúró ṣinṣin. Bó bá pé ọdún mẹ́wàá, wọn kò lè sọ mọ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ ológun ló fa àìsàn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì lè dín ìdá rẹ̀ kù. Bó bá pé ogún ọdún, ìdá náà kò lè rẹlẹ̀ sí ibi tó ti wà láti ọjọ́ yẹn wá. Bí wọ́n bá rí i pé irọ́ ni ẹni náà fi gba owó láti ìbẹ̀rẹ̀, odi méjèèjì tó gbẹ̀yìn yìí lè tú ká.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ti díjú. Kí ni "ara ti yá" túmọ̀ sí? Ẹni tí kò jáde nílé mọ́, tí kì í lọ sí ọjà, tí kì í lọ síbi ariwo, lè sun oorun dáadáa ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ó ti sàn ni, àbí ó kàn ti fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ohun tó ń dà á láàmú? Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà dáhùn ní 1993, nínú ẹjọ́ Brown, pé ìlera tó bá jẹ́ ti inú ìwé lásán kò tó. Ó gbọ́dọ̀ hàn nínú bí ẹni náà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bó ṣe ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ lójoojúmọ́.

Yorùbá ní ẹni tó yẹ kéèyàn rántí níbí. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ní March 1944, ní Bọ́mà, ìbọn àwọn Jàpáánì fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì tún bà á ní ikùn. Oṣù mẹ́sàn-án ni òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, fi sá pamọ́ sí ẹ̀yìn àwọn ọ̀tá, oúnjẹ àwọn ará abúlé ni wọ́n sì fi gbé ẹ̀mí ró. Nígbà tó padà délé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó kọ ìwé nípa ìrìn àjò náà, ó sì kú ní 2012. Ẹni tó bá wo fáìlì rẹ̀ lórí tábìlì á ní, "Akọ̀wé ni, ó ń lọ síbi iṣẹ́, kí ló ṣe é?" Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Kéèyàn máa ṣiṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ ti dá, ohun tí àwọn tó ń gé owó kì í sì í fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ajagunfẹ̀yìntì máa ń kìlọ̀ fún ara wọn nípa rẹ̀: ẹni tó bá ní kí wọ́n fi kún owó òun ti ní kí wọ́n ṣí fáìlì òun. Bí etí bá burú sí i, tí ó kọ fọ́ọ̀mù tuntun nípa etí, òṣìṣẹ́ náà lè wo ẹ̀yìn àti ọkàn pẹ̀lú. Nítorí èyí, àwọn mìíràn ń jẹ ìyà tó yẹ kí wọ́n sọ lábẹ́ aṣọ. Wọn ò fẹ́ fọwọ́ ara wọn tọ́ ilé agbọ́n.

Ìbẹ̀rù náà ní ìtàn lẹ́yìn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1932, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kìíní rọ́ lọ sí Washington láti béèrè owó tí ìjọba ṣèlérí fún wọn; ní ọjọ́ 28 oṣù July, Ọ̀gágun Douglas MacArthur fi ẹṣin àti gáàsì atajú lé wọn jáde. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 20 oṣù March 1933, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin kan tó fún un láṣẹ láti gé owó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ó sì gé e dáadáa, ti àwọn aláàbọ̀ ara pẹ̀lú. Àwọn aṣòfin fi ẹsẹ̀ tẹ àṣẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní 1934, wọ́n dá púpọ̀ padà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ ìdínkù ìnáwó ní Washington, àwọn arúgbó náà á fetí sílẹ̀.

Ká fi Houston sílẹ̀ ná, ká wá sílé. Ohun tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ kan náà, àtúnyẹ̀wò, tó ń lé oorun lójú ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, òun gan-an ni àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn sórí ẹní nítorí rẹ̀ ní Abuja. Abala 173 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ ọ́ kedere: ìjọba gbọ́dọ̀ máa tún owó ìfẹ̀yìntì yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Abala náà tún ní wọn kò gbọ́dọ̀ dá owó náà dúró tàbí yí i padà lọ́nà tó máa pa ẹni tó ni ín lára, àyàfi níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á. Ẹni tó bá kà á á rò pé àwọn ajagunfẹ̀yìntì Nàìjíríà ló yẹ kó máa sùn jù lọ lágbàáyé.

Nàìjíríà náà mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú sójà tó fara gbọgbẹ́, ó ti pẹ́. Ilé ìwòsàn Ìgbóbì ní Èkó, tí gbogbo Yorùbá mọ̀ mọ́ eegun tó ṣẹ́, àwọn sójà tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n tìtorí wọn dá a sílẹ̀ ní 1945. Oṣòdì ni ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sójà tó fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ wà. Lónìí, sójà tí bọ́ǹbù Boko Haram bá ṣe léṣe lè bá ara rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ológun 44 ní Kàdúná tàbí 68 ní Yábàá. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ológun ló máa wò ó, tí wọ́n á sọ bí àbùkù náà ti pọ̀ tó àti bóyá ó ṣì lè bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá lè bá a lọ mọ́, wọ́n á ní wọ́n ti "bọ́ọ̀dù" rẹ̀, fáìlì rẹ̀ á sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun, MPB, ní Abuja.

Láti ibẹ̀ lọ, ara rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò jù mọ́. Ojú rẹ̀ ni. Wọ́n á ní kó wá kí wọ́n rí i, kó fi ìka tẹ ẹ̀rọ, kó mú ìwé wá, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè àti pé kì í ṣe òkú ọ̀run ni wọ́n ń san owó fún. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn òkú ti jẹ owó ìjọba púpọ̀ ní Nàìjíríà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, tó ń gbé ní abúlé kan ní Ìjẹ̀bú, tó ní láti wọ mọ́tò méjì tàbí mẹ́ta dé ibi àyẹ̀wò kó tó lè fi hàn pé òun kò tíì kú, ìrìn náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìyà kejì. Bó bá pàdánù rẹ̀, orúkọ rẹ̀ lè jáde kúrò nínú ìwé owó. Ó sì lè pẹ́ kí ó tó padà wọlé.

Ohun tó ń jẹ owó náà tán nílé ni ọjà. Wọn kì í sábà dín iye tó wà nínú ìwé kù. Wọ́n kàn máa ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí ìrẹsì á fi gùn ún lé. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù di 30,000 náírà ní April 2019, nǹkan bí ọdún méjì ló gba àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kí èrè rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wọ́n. Ó tún di 70,000 ní July 2024. Ní December ọdún yẹn, àwọn ajagunfẹ̀yìntì tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ètò ìnáwó ní Abuja, wọ́n dí ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ní àwọn ò kúrò. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni àfikún owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ti fọwọ́ sí tí wọn ò rí gbà, àjẹmọ́nú tí wọ́n ń pè ní Security Debarment Allowance, àti pé kí ìjọba dá owó tí wọ́n yọ lára ti àwọn sójà tí wọ́n bọ́ọ̀dù padà. Ẹ kíyè sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn: àwọn tí ọgbẹ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà wà lára àwọn tó ń wá owó tí wọ́n yọ.

Síbẹ̀, àwọn sójà gan-an ní ohun tí ọlọ́pàá ń jowú. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2004 kó gbogbo wọn sínú ètò àdájọ, níbi tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba ti ń dá owó jọ sínú àpò òṣìṣẹ́ náà. Àwọn ológun já ara wọn gbà kúrò níbẹ̀ ní 2011. Ọlọ́pàá kù síbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì fi wà nínú òjò ní Abuja ní ọjọ́ 21 oṣù July 2025, tí wọ́n ń ké pé kí wọ́n yọ àwọn náà.

Bí èèyàn bá gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí apá Kétu, Sákétẹ́ àti Àjàṣẹ́, á bá ọ̀nà kẹta pàdé níbẹ̀, òun ni òǹkọ̀wé yìí sì kà sí èyí tó burú jù. Faransé kò tún owó náà yẹ̀ wò, kò sì gé e. Ó dì í bí yìnyín ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù December 1959, nígbà tí òmìnira àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń súnmọ́lé, ó fi abala 71 kan sínú òfin ìṣúná rẹ̀: owó ìfẹ̀yìntì àti owó àbùkù ara tí wọ́n ń san fún àwọn sójà tó jẹ́ ọmọ àwọn ilẹ̀ náà á dúró sí iye tó wà nígbà tí ilẹ̀ wọn bá di òmìnira. Dahomey, ìyẹn Benin òde òní tí Kétu wà, àti Togo wà nínú rẹ̀. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lọ jagun lábẹ́ orúkọ "tirailleurs sénégalais", tí ọ̀pọ̀ wọn kò dé Senegal rí kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi, bọ́ sábẹ́ òfin yìí. Ọkùnrin méjì lè jọ wà nínú kòtò kan náà, kí ìbọn kan náà gé ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Ti ará Paris á máa ga sí i lọ́dọọdún, ti ará Kétu á sì dúró gbagidi sí iye ayé àtijọ́.

Àwọn ọmọ Senegal 743, tí Ibrahima Gueye ṣaájú wọn, gbé Faransé lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àjọ àgbáyé, wọ́n sì jàre ní 1989. Kò sí ohun tó yí padà. Amadou Diop, òun náà ọmọ Senegal, jàre ní ilé ẹjọ́ gíga Faransé fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù November 2001. Wọ́n sún owó náà díẹ̀, kò bá ti àwọn ará Faransé dọ́gba. Ohun tó wá mi Ààrẹ Jacques Chirac lọ́kàn ni sinimá kan, Indigènes, tó jáde ní 2006 lórí àwọn sójà láti Àríwá Áfíríkà; ó pàṣẹ pé kí apá kan owó náà, títí kan ti àbùkù ara, dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ 2007. Ìdájọ́ ọjọ́ 28 oṣù May 2010 ló sọ ìyókù di ohun tó tako òfin. Ó lé ní àádọ́ta ọdún láti 1959. Ẹni tó bá jagun ní ọmọ ogún ọdún ní 1940 ti pé àádọ́rùn-ún ọdún nígbà yẹn, bó bá tilẹ̀ ṣì wà.

Àwọn ìjọba sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè dà. Ní Accra, ọjọ́ 28 oṣù February 1948, àwọn tó ti Bọ́mà dé tí wọn ò rí ohun tí wọ́n ṣèlérí fún wọn gba, ń fẹsẹ̀ rìn lọ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ fún gómìnà ní Christiansborg. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan yìnbọn. Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe àti Odartey Lamptey kú síbẹ̀, ìlú sì gbiná. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, Gold Coast di Ghana.

Ilé wa ní Ibefun ńkọ́? Àwọn káfíńtà ti kan páànù tán. Ohun tó yẹ kí ẹni tó wà ní ipò yẹn ti ṣe kò tó nǹkan, ohun tí owó ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde á sì tó ni: kó yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà lọ́dọ̀ VA kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, tàbí kó ní ẹni tó fọkàn tán tí á máa ṣí àpótí lẹ́tà náà, tí á sì ya fọ́tò ohun tó bá wà níbẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kó tún máa lọ rí dókítà, kì í ṣe nígbà tí lẹ́tà bá dé nìkan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wálé kì í lọ sí ilé ìwòsàn mọ́, wọ́n fi àgbo àti oògùn kẹ́míìsì dè é. Ọdún mẹ́ta kọjá, kò sí ìwé kan tó sọ pé ẹ̀yìn ṣì ń dùn wọ́n. Ẹni tó ń ka fáìlì ní Amẹ́ríkà kò mọ àgbo. Òfìfo ló rí, ó sì ka òfìfo náà sí ìlera.

Bí ó bá pàdánù ọjọ́ àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ kò tíì bàjẹ́ tán. VA gbọ́dọ̀ kọ ìwé mìíràn kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó náà, ọgọ́ta ọjọ́ ló sì wà nínú rẹ̀ fún un láti ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ àti láti sọ pé òun ti ṣe tán láti wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí lẹ́tà ni kíkà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò dúró de ọjọ́ tí ọkùnrin náà bá padà dé Houston, tó fa àpótí lẹ́tà rẹ̀ ṣí, tó bá ìwé méjì nínú rẹ̀, tí èkejì sì ti pé ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́ta.